Ìjábọ̀ Tí Antoinette Fọwọ́ Sí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Antoinette ti fi ṣiṣẹ́ ní mérì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó àwọn abúlé kan lẹ́yìn Akparé. Owó ọjà, owó orí ilé àti owó tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń san kí wọ́n tó gba ojú ọ̀nà kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ará àdúgbò ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Bí ìwé bá ti Lomé dé tí èdè Faransé inú rẹ̀ bá ta kókó, òun ni François, ọ̀gá mérì, máa ń ké sí pé, "Màdáámù, ẹ wá bá wa wo ohun tí àwọn èèyàn yìí ń sọ."

Abúlé Ìsàlẹ̀-Odò ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ní Atakpamé, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Antoinette. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìgè, kò lọ sí ibì kankan. Òun ló jogún oko bàbá wọn, òun náà ló ń bọ ohun tí bàbá wọn ń bọ. Ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́ láàárín wọn. Bí Antoinette bá wá sí abúlé, Ìgè á ti to iṣu sílẹ̀ dè é, Málọmọ́ ìyàwó Ìgè á sì máa pè é ní Ìyá Linda, nítorí pé Linda ni orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aymar ti Lomé wá sí mérì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọ̀, kì í sì í kánjú. Ó ní ilé iṣẹ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ ya fíìmù ńlá kan, òkè àti àfonífojì tó wà ní Ìsàlẹ̀-Odò sì ti wọ olùdarí wọn lójú. Ó ṣàlàyé pé ìjọba ti ṣe ètò kan: ẹni tó bá wá ya fíìmù, wọn kò ní gba owó ibodè lórí ẹrù tó bá kó wọlé, wọ́n á sì dá díẹ̀ padà fún un nínú ohun tó bá ná. Ohun tó wá bẹ mérì ni pé kí àwọn náà yọ̀ǹda tiwọn. Kí wọ́n má gba owó ọ̀nà, kí wọ́n má gba owó ilẹ̀, kí wọ́n má gba ohunkóhun títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Fágbénró, àgbà kan nínú ìgbìmọ̀, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Bí a bá wá yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀, kí ló kù fún wa?"

Aymar rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ohun tí a bá ná síbí ló kù fún yín. A máa jẹun, a máa sùn, a máa gba òṣìṣẹ́. Tí fíìmù bá jáde tán, àwọn èèyàn á máa wá wo ibi tí a ti yà á."

Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan rántí òrùlé ilé ìwòsàn tó ń jò, tó jẹ́ pé owó ọ̀nà ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe. François wá yíjú sí Antoinette. "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ owó ìlú jù wá lọ. Kí lẹ rí sí i?"

Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, Antoinette a máa padà sí ìṣẹ́jú yẹn lọ́kàn rẹ̀. Kò ṣe ìṣirò kankan. Ọ̀rọ̀ Linda ló ń rò, tó ti gba ìwé ẹ̀rí láti ọdún méjì sẹ́yìn tí kò tíì rí iṣẹ́. Ó sì dùn mọ́ ọn pé gbogbo ojú yí sí òun, àní Fágbénró náà. Ó dìde, ó ní: "Bí a bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gba ibòmíràn lọ, a ò sì ní rí owó ọ̀nà náà gbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún jọ̀wọ́, a ó fi ọwọ́ òsì gbà á lọ́jà." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di àṣẹ.

Ó wá ku ilẹ̀. Ibi tí olùdarí fẹ́ gan-an ni oko Ìgè, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan lẹ́bàá odò tó kọjú sí òkè. Ilẹ̀ dúdú ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá ara rẹ̀ ro. Aymar lọ bá Ìgè lẹ́ẹ̀mejì, Ìgè kò gbà. Ni Antoinette bá lọ fúnra rẹ̀. Ó bá àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń gé èkù ọkọ́.

"Oṣù méjì péré ni, Ìgè. Oṣù kìíní ni wọ́n máa wọlé. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, wọ́n á ti kó kúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, tí wọn ò bá wá kúrò ńkọ́?"

"Mo ti rí ìwé wọn. Èmi ni mo kà á."

Ìgè gbé èkù náà sókè, ó wò ó bóyá ó tọ́. "Èmi kò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é, mo ti ṣe é."

Wọ́n dé lóòótọ́ ní oṣù kìíní. Ọkọ̀ tó kó wọn wá pọ̀ dé ibi pé eruku kò balẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Odò fún ọjọ́ mẹ́ta. Katapílà tẹ́ ilẹ̀ oko Ìgè, wọ́n da yangí sí i kí ọkọ̀ má baà rì, wọ́n wá kọ́ odindi abúlé kan sórí rẹ̀: ilé bíi ọgbọ̀n, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fóòmù tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó fi dà bí amọ̀. Àwọn ará abúlé gidi á wá dúró, wọ́n á máa wò ó. Málọmọ́ fi ọwọ́ kan ògiri kan, ó rí i pé ó ń tẹ̀ wọnú bí àkàrà, ó bú sẹ́rìn-ín.

A kò ní purọ́ mọ́ wọn, àwọn kan jèrè. Espoir, káfíńtà Akparé, bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ rẹ̀ sì wù wọ́n débi pé wọ́n mú un lọ sí Lomé lẹ́yìn náà. Honorine, tó ní ilé àlejò oníyàrá mẹ́jọ lójú ọ̀nà Atakpamé, kò ní yàrá òfìfo fún oṣù márùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì rí owó ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì gbà, pé kí wọ́n máa gbé igbá kọjá lẹ́yìn àwọn òṣèré.

Àmọ́ àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀-Odò ti gbọ́ pé àwọn àlejò máa jẹun, Antoinette ló sì sọ fún wọn. Málọmọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin tòmátì àti ata sétí odò, wọ́n fi garawa bomi rin ín ní ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n sì sin adìyẹ. Nígbà tí tòmátì pọ́n, wọ́n gbé agbọ̀n lọ bá alásè àwọn onífíìmù. Ọkùnrin náà bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó mú wọn lọ síbi ọkọ̀ ńlá kan tó tutù bíi yìnyín nínú, ó fi páálí adìyẹ àti tòmátì inú agolo hàn wọ́n títí dé òkè. Láti èbúté Lomé ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Wọn kò san owó ibodè lórí ẹyọ kan, kò sì sí tòmátì abúlé tí owó rẹ̀ lè kéré tó ìyẹn. Àwọn obìnrin gbé agbọ̀n wọn lọ sí ọjà Datcha, gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Tòmátì di ohun tí wọ́n ń bẹ èèyàn kó gbà.

Málọmọ́ kò sọ nǹkan kan fún Antoinette. Ẹlòmíràn ló sọ fún un.

Oṣù kejì parí, àwọn onífíìmù kò kúrò. Àgbà òṣèré wọn ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì ń dúró dè é. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní àárín oṣù kẹta. Lọ́jọ́ kejì ni Ìgè dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Antoinette, ẹsẹ̀ rẹ̀ rin gbingbin fún ẹrẹ̀, kò fẹ́ wọlé kó má baà ba ilẹ̀ jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òjò ti dé."

Antoinette pe Aymar lójú rẹ̀. Aymar ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ìgè wá lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin kò wá mọ́. Láti fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, Aymar fi í ṣe olùṣọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá: ó ń ṣọ́ abúlé onífóòmù lórí oko ara rẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbin àgbàdo.

Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n tó ya èyí tó kẹ́yìn. Ogun ló jó abúlé náà nínú ìtàn wọn, nítorí náà wọ́n dáná sun gbogbo rẹ̀. Èéfín dúdú bo òkè. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti kó lọ tán. Lórí oko Ìgè, fóòmù tó yọ́ ti dì mọ́ yangí bí ọ̀dà títì, ìṣó kún inú rẹ̀, ilẹ̀ sì le débi pé ọkọ́ ń ta padà sókè. Ìgè gbìyànjú. Ó gbin àgbàdo síbi tó bá lè gbẹ́. Ó hù, ó dé orúnkún, ó pọ́n, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni ìwé dé láti Lomé pé kí mérì kọ ìjábọ̀: èrè wo ni fíìmù náà mú wá, iṣẹ́ mélòó ló dá sílẹ̀? Antoinette jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ààyè kékeré kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún iye iṣẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe pẹ́ tó. Ó ka Espoir, ó ka ọmọ ọ̀dọ̀ tí Honorine gbà nítorí àwọn àlejò náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹni tó gbé igbá kọjá, ẹyọ kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ wákàtí mẹ́ta ló fi ṣe é. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò purọ́, nítorí pé kò sí orúkọ kan níbẹ̀ tí òun dá sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì í láti kọ iye kékeré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó sọ lójú ìgbìmọ̀. Ó fọwọ́ sí i. François yọ̀, ó ní kí wọ́n kà á lórí rédíò Atakpamé.

Oṣù kẹsàn-án ni Ìgè wá dágbére. Ó ní òun ti gbọ́ pé wọ́n ń wá alágbàṣe lẹ́bàá Ṣakí ní Nàìjíríà. Ó gbé àpò kan kọ́ èjìká, ó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà Antoinette bó ṣe máa ń ṣe. Antoinette gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ díẹ̀.

"Mo gbọ́ ìjábọ̀ yín lórí rédíò, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló rí iṣẹ́." Ó bu omi mu. "Ṣé mo wà nínú wọn?"

Antoinette wò ó. Ó lè sọ pé rárá. "O wà níbẹ̀," ló sọ. "Olùṣọ́, ọjọ́ mọ́kànlá."

Ìgè rẹ́rìn-ín. Kò bínú, ìyẹn ló sì dun Antoinette jù lọ. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé pa àlọ́ fún, ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Fíìmù náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e. Linda ló rí i lórí fóònù, ó sì pe ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n fún ibẹ̀ nínú ìtàn náà, ó sì jìnnà sí Togo. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé Ìsàlẹ̀-Odò ni. "Màmá," Linda wí, "ta ló máa wá wo ibi tí kò mọ̀ pé ó wà?"

Kò pẹ́ tí Aymar tún fi dé. Fíìmù kejì ni, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ń fẹ́ kí mérì yọ̀ǹda owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. François fi ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó ní kí Antoinette wá ka ìjábọ̀ ọdún tó kọjá fún ìgbìmọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni Antoinette fi ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé, ó gun alùpùpù láti ilé dé ilé. Ìbéèrè kan náà ló ń bi wọ́n: ohun tí fíìmù mú wá fún ọ, ṣé ó kù lọ́wọ́ rẹ lónìí? Àwọn kan fi agbada tuntun tí wọ́n fi ń dín nǹkan hàn án, ẹnì kan fi rédíò hàn án. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rántí pé àwọn ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tó ṣì wà nítorí fíìmù náà jẹ́ méjì péré: ti Espoir, tó ti di ará Lomé, àti ti ọmọ ọ̀dọ̀ Honorine. Ó dé ilé ìwòsàn, ó rí garawa mẹ́ta tí wọ́n tò sábẹ́ òrùlé níbi tí àwọn aboyún ń sùn sí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó dìde, kò ka ìjábọ̀ àtijọ́. Ó ka èyí tuntun. Kò pa Honorine tì, kò sì pa Espoir tì. Ó ka ọ̀rọ̀ tòmátì, ó ka òrùlé, ó ka oko àbúrò rẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀.

François bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn. "Màdáámù, ìwé tí a kà lórí rédíò, ọwọ́ ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ni, ọ̀gá."

"Èyí tí ẹ kà nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi náà ni."

Fágbénró, tó ti tako ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mi orí. Bí ẹni tó káàánú rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́: "Ọmọ mi, èwo wá ni kí a gbà gbọ́? Èmi mọ̀ pé tòní lòótọ́. Àmọ́ ìwọ lo ti kọ́ àwọn tó kù pé tàná lòótọ́."

Honorine, tó wà nínú ìgbìmọ̀, dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ pé òun kò jèrè, òun ti fi kún yàrá, òun sì ní gbèsè ilé ìfowópamọ́ lọ́rùn, tí wọn kò bá padà wá, òun ti wọ gbèsè lásán. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn náà. Wọ́n dìbò. Mẹ́sàn-án gbà, mẹ́fà kọ̀. Wọ́n fi gbólóhùn kan sí i pé wọn kò gbọdọ̀ lo oko ẹnikẹ́ni ní àsìkò òjò. Antoinette ló bẹ̀bẹ̀ fún gbólóhùn náà, wọ́n fún un ní ìyẹn. Ní òpin oṣù, François gbé e kúrò nídìí owó ìlú lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun. Ó sọ pé kì í ṣe ìjìyà.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo Sátidé ni Antoinette ń lọ bá Málọmọ́ lóko. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa ṣa ìṣó, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ họ fóòmù kúrò lára yangí. Iṣẹ́ tí katapílà ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ obìnrin méjì kò lè tú u ní ọdún kan. Lọ́jọ́ kan, fóònù Málọmọ́ dún, Ìgè ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà Málọmọ́ gbé fóònù náà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko," ohùn Ìgè wí. "Mo ti rí ilẹ̀ yá níbí. Kò dára tó tiwa, àmọ́ ó ń gba ọkọ́. Mo fẹ́ kí Málọmọ́ àti àwọn ọmọ wá bá mi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Málọmọ́ ń wò ó. "Ìyá Linda, kí lẹ rí sí i? Ṣé kí n lọ?"

Antoinette ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló wá sí i létè: pé ilẹ̀ máa bọ̀ sípò, pé kí wọ́n dúró di ọdún tó ń bọ̀, pé kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ parí ìwé. Gbogbo rẹ̀ dùn ún gbọ́, kò sì mọ èyí tó dá a lójú nínú wọn.

"Mi ò mọ̀, Málọmọ́," ló sọ. "Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ ni kí o ṣe."

Ní oṣù kọkànlá, ó sin wọ́n dé Elavagnon, níbi tí wọ́n ti máa wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀. Ó ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ, ó bá Málọmọ́ di ẹrù mọ́lẹ̀. Awakọ̀ fun fèrè. Málọmọ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú eruku láti dágbére fún un, Antoinette sì tètè gbé e dìde, nítorí kò rò pé òun ni ẹni tó yẹ kí wọ́n kúnlẹ̀ fún lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ náà yí sójú ọ̀nà, àwọn ọmọ ń juwọ́ láti ojú fèrèsé. Ó dúró níbẹ̀ títí tí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́, ó wá lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé.